Eégbọn Ilé, Eégbọn Oko

Iṣẹ́ tèmi nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ni kí n máa já eégbọn lára ajá bàbá mi. Ọdẹ ni bàbá mi, ìlú wa kò sì jìnnà sí Òmù-Àrán. Bí wọ́n bá ti ti oko dé, tí wọ́n gbé ìbọn kọ́, wọn á pè mí pé kí n gbé agolo wá. Agolo mílíìkì ni, a ti bu kẹrosíìnì díẹ̀ sí i. Tanímọ̀la, ajá wọn, á na gbalaja sílẹ̀, á di ojú, á sì gbé etí fún mi. Inú etí ni eégbọn máa ń pọ̀ sí jù, àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ibi tí ẹnu wọn ti wọ ara ajá ni mo máa ń fi èékánná mú, n kì í fọwọ́ kan ikùn. Bàbá mi ti kọ́ mi pé bí ikùn bá bẹ́ tí ẹnu kù sínú awọ, ojú ibẹ̀ á di egbò.

Lójú tèmi, oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan wà ní pẹlẹbẹ, àwọ̀ wọn dà bí obì tó ti gbẹ. Àwọn kejì rí rọ̀gbọ̀dọ̀, wọ́n ní àwọ̀ eérú, wọ́n wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi mọ́jú. Bàbá mi náà gbà pé oríṣi méjì ni, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe pín in. "Eégbọn ilé wà, eégbọn oko wà," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Mo bi wọ́n pé nínú méjèèjì, èwo ni rọ̀gbọ̀dọ̀ yìí. Wọ́n ní, "Èyí tó bá ti mu yó ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ilé, ìbáà jẹ́ ti oko." Mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n mi ò gbà nínú ara mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo gbàgbọ́.

Ojú mi yìí kan náà ló tún dójú tì mí ní Ajaṣẹ́-Ìpo. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìlọrin nígbà náà, mò ń bá àwọn dókítà ẹran ṣiṣẹ́, wọ́n sì rán mi lọ sí ọjà màlúù pé kí n lọ kó eégbọn wá. Ìgbà òjò ni, ilẹ̀ ọjà rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo já eégbọn lábẹ́ ìrù màlúù funfun kan àti lẹ́bàá ọmú rẹ̀, mo sì tò wọ́n sórí bébà. Ọ̀kan rèé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, àwọ̀ ọsàn pípọ́n tí ìlà dúdú là kọjá, òrùka funfun-funfun lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó wu ojú bí ìlẹ̀kẹ̀. Èkejì ṣókùnkùn, iwájú ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ní àmì àwọ̀ díẹ̀. Ẹ̀kẹta tóbi, ó rí bí eérú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kóró àgbálùmọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ẹ̀yà mẹ́ta.

Bàbá Fúlàní tó ni màlúù náà dúró tì mí, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Yorùbá wọn já gaara. Wọ́n bi mí pé kí ni mo kọ, mo sì sọ fún wọn. Wọ́n fi orí ọ̀pá tọ́ka sí bébà náà lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ọkọ rèé, ọmọ mi. Ìyàwó rèé. Ìyàwó náà nìyí nígbà tó jẹun tán." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo padà sí Ìlọrin, mo gbé àwọn eégbọn náà sábẹ́ maikirosíkópù, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, *Amblyomma variegatum*, èyí tí Fabricius, onímọ̀ kòkòrò, ti fún lórúkọ láti ọdún 1794.

Ohun tó mú kí akọ àti abo yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yé mi dáadáa lẹ́yìn náà. Gbogbo eégbọn oníkaraun ló ní apata kan lẹ́yìn. Ti akọ bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí bí akọ ṣe lè wú, torí apata náà kì í fà. Iwájú nìkan ni apata abo bò. Ìyókù ara rẹ̀ jẹ́ awọ tó ń nà bí ó ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí abo tó yó fi ń di àpò eérú, tí apata kékeré náà á wá jókòó sórí rẹ̀ bí ọmọ fìlà lórí ọkùnrin sísanra. Akọ ló tún máa ń kọ́kọ́ gun màlúù. Á gún ẹnu wọ awọ, á mu ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú òórùn kan jáde tí abo á gbọ́, tí wọ́n á sì wá rọ̀gbà yí i ká. Òun ló fà á tí ẹ ó fi rí ogún tàbí ọgbọ̀n níbi kan ṣoṣo lára màlúù, tí ibòmíràn á wà ní mímọ́.

Bó bá jẹ́ akọ àti abo nìkan ló ń tan ojú jẹ, ìbá rọrùn. Eégbọn tún ní ìgbà èwe méjì. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nínú ẹyin ní ẹsẹ̀ mẹ́fà péré. Á jẹun, á bọ́ awọ, á di ọ̀dọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, á tún jẹun, á tún bọ́ awọ, ìgbà náà ló tó di àgbà. Bí ọ̀dọ́ náà bá ṣe jẹun tó ni àgbà tó máa tinú rẹ̀ jáde á ṣe tóbi tó. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ ìyá méjì, ẹyin ọjọ́ kan náà: ọ̀kan mu ẹ̀jẹ̀ yó, ibi tí èkejì wà lára ẹran ni ẹran náà lọ fi ha igi, ó bọ́ sílẹ̀ kó tó yó. Bí wọ́n bá dàgbà, ọ̀kan á tóbi, ọ̀kan á rán. Ẹni tó bá rí wọn nínú ìgò lè búra pé wọn ò bára tan. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí ni mi ò ti gbẹ́kẹ̀ lé títóbi eégbọn fún ohunkóhun mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mọ́ mi jù ni ti ilẹ̀, bí ẹ̀yà kan ṣe ń yí ìrísí padà láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Ìlọrin, tó gba Gánmọ̀ àti Ìdòfìàn kọjá sí Ajaṣẹ́-Ìpo, tó gba Òró dé Òmù-Àrán, á mọ bí ohùn èèyàn ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ní Ìlọrin, ohùn ní èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ní Ajaṣẹ́, Ìgbómìnà ti ń dún. Tó o bá kọjá Òmù-Àrán lọ sí Ọ̀sí àti Èrúkù, etí rẹ ti ń gbọ́ Èkìtì. Kò sí ọlọ́jà kan lójú ọ̀nà náà tí kò gbọ́ ti ẹni tó múlé gbè é, kò sì sí òpó kan tí a rì mọ́lẹ̀ pé ibí ni ohùn kan parí sí. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé ọmọ Ìlọrin àti ọmọ Èrúkù jókòó sọ́dọ̀ àlejò tí kò mọ àwọn ìlú àárín, àlejò náà lè sọ pé èdè méjì ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí eégbọn àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà gan-an nìyẹn. Láti ọdún 1821 ni Thomas Say ti sọ ọ́ ní *Ixodes scapularis*. Ní ọdún 1979, Andrew Spielman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wo àwọn eégbọn erékùṣù Nantucket ní Massachusetts, ní apá àríwá níbi tí òtútù pọ̀. Wọ́n rí i pé wọn ò rí bí ti gúúsù, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ wọn, wọ́n sì fún wọn ní orúkọ tuntun, *Ixodes dammini*. Àìsàn Lyme, tí eégbọn yìí máa ń kó ran èèyàn, ń da àwọn ará àríwá láàmú nígbà náà, torí náà orúkọ yìí wọ ìwé dókítà, ó wọ ìwé ìròyìn, gbogbo ayé ń pè é. Fún ọdún mẹ́rìnlá, eégbọn méjì ni.

James Oliver àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Georgia wá ṣe ohun tó yẹ kí a ṣe. Wọ́n mú akọ láti Georgia àti abo láti Massachusetts, wọ́n mú abo láti Georgia àti akọ láti Massachusetts, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gùn. Wọ́n bímọ. Ọmọ wọn bímọ. Ọmọ-ọmọ wọn náà bímọ. Wọ́n tún wọn ara eégbọn láti oríṣiríṣi ibi, wọ́n wo kúrómósómù wọn, ohun inú ara tó ń gbé àjogúnbá. Ní ọdún 1993 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹ̀yà kan náà ni, orúkọ *dammini* sì wọlẹ̀, ti 1821 ló kù. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gidigidi. Wọn kò sọ pé irọ́ ni ìyàtọ̀ tí Spielman rí. Ìyàtọ̀ náà wà, títí dònìí. Kódà ìwà wọn yàtọ̀: ọ̀dọ́ eégbọn àríwá máa ń gun orí koríko àti ewé láti dúró de ẹran, ti gúúsù máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ewé tó jábọ́, ara alángbá ni ó sì ti ń jẹun púpọ̀. Ìdí kan nìyẹn tí Lyme kò fi pọ̀ ní gúúsù bíi ti àríwá. Ẹ̀yà kan, ìwà méjì, ìrísí tó ń yí díẹ̀díẹ̀, àìsàn tó pọ̀ níbì kan tó sì ṣọ̀wọ́n níbòmíràn.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ẹnìkan lè rò pé ohun tí mò ń sọ ni pé kí a má ka ìyàtọ̀ sí. Rárá o. Eégbọn màlúù tí à ń pè ní *Rhipicephalus microplus* fi hàn pé ojú tún lè tan ni lọ́nà kejì. Paragúáì ni Canestrini ti gba èyí tó fún lórúkọ ní ọdún 1888. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun kan náà ni wọ́n pe ti Ọsirélíà, èyí tó bá màlúù láti Indonéṣíà wọ ìlú Darwin ní 1872. Wọ́n jọra débi pé kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ti Ajẹntínà àti ti Mòsáḿbíìkì gun ara wọn, ọmọ wọn ń bímọ. Tí wọ́n bá mú ti Ọsirélíà mọ́ èyíkéyìí nínú wọn, ọmọ tí wọ́n bí kì í lè bí. Òkun ńlá wà láàárín Ajẹntínà àti Mòsáḿbíìkì, síbẹ̀ ọmọ ilé kan ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ padà lọ wo wọn pẹ̀lú sùúrù, wọ́n rí àwọn àmì kéékèèké tí ojú ti fò, wọ́n sì dá orúkọ àtijọ́ ti Ọsirélíà, *Rhipicephalus australis*, padà fún un ní 2012.

Orúkọ *microplus* yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè fún wa ní Kwara. Wọ́n rí i ní Côte d'Ivoire ní 2007, wọ́n rí i ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ láìpẹ́ sí i, a sì gbà pé màlúù tí wọ́n kó wá láti Bùràsíìlì ló gbé e dé. Kwara àti Bẹ̀nẹ̀ pààlà, màlúù kì í sì í béèrè ìwé ìrìnnà. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti wà ní Nàìjíríà. Eégbọn tó máa ń tètè borí oògùn ni. Oògùn tí darandaran fi ń pa eégbọn àtijọ́ lè má ràn án, owó á lọ, eégbọn á kù.

Ó sì jọ ti ìbílẹ̀ wa, *decoloratus*, bí ìbejì. Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí: mo máa ń yí i sílẹ̀ kí n rí abẹ́ ẹnu rẹ̀. Ohun kan wà láàárín ẹnu eégbọn tó rí bí ayùn, òun ló fi ń di awọ mú. Eyín wẹ́wẹ́ tò sí i lára ní ìlà-ìlà. Ti *decoloratus*, ìlà mẹ́ta ní ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì. Ti *microplus*, mẹ́rin ní ọ̀tún, mẹ́rin ní òsì. Mo ti jókòó láti àárọ̀ dé ìgbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, tí mò ń ka eyín. Ọrùn máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo yẹn ló máa sọ irú oògùn tó yẹ kí darandaran lọ rà, mi ò lè fi ṣeré.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ báírò. Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí mo fi kó eégbọn, báírò ni mo fi ń kọ ìwé pélébé tí mò ń jù sínú ìgò: ìlú, ọjọ́, irú ẹran. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé sípíríìtì máa ń fọ báírò. Nígbà tí mo fi máa padà sídìí wọn, sípíríìtì ti di búlúù, bébà ti funfun báláú. Ìgò tó kún fún eégbọn, tí mi ò mọ̀ bóyá Ìpàtà ni mo ti mú wọn tàbí Òkè-Ọdẹ, bóyá lára ewúrẹ́ tàbí lára màlúù. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo rí i pé wọ́n yàtọ̀ síra, ọ̀kan láwọ̀ ju ọ̀kan lọ, ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ lẹ́yìn ọ̀kan ju ti ìkejì lọ, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ohun tí ìyàtọ̀ náà ń wí. Ìyàtọ̀ tí kò ní ìlú kò lè jẹ́rìí. Pẹ́ńsùlù ni mo ń lò láti ìgbà náà.

Ohun tó jọ èyí ló da orúkọ eégbọn ajá rú fún ohun tó lé ní igba ọdún. Ní 1806 ni Latreille ti fún eégbọn ajá aláwọ̀ obì ní orúkọ, *Rhipicephalus sanguineus*. Ṣùgbọ́n eégbọn tó wò kò sí mọ́, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbé sókè pé èyí gan-an ni. Gbogbo ayé wá ń pe eégbọn ajá tiwọn ní orúkọ yẹn. Nígbà tí wọ́n wo DNA wọn, àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara, ìdílé méjì ló hàn gbangba jù: ti ilẹ̀ olóoru àti ti ilẹ̀ tó tutù díẹ̀. Ní 2018, wọ́n yan eégbọn kan láti ilẹ̀ Faransé láti máa jẹ́ ẹlẹ́rìí orúkọ Latreille, orúkọ náà sì di ti ìdílé ilẹ̀ tútù. Ní 2021, ti ilẹ̀ olóoru gba orúkọ kan tí Audouin ti fún eégbọn ilẹ̀ Íjíbítì láti 1826, *Rhipicephalus linnaei*. Ìdílé ilẹ̀ olóoru ni ti wa. Eégbọn tí mò ń jù sínú agolo mílíìkì ti jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà èwe mi.

Màlúù láti Sẹ̀nẹ̀gàl ló gbé eégbọn aláràbarà Ajaṣẹ́-Ìpo, *variegatum*, sọdá Òkun Àtìláńtíìkì dé Guadeloupe ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Lékèélékèé, ẹyẹ tí àwa ọmọdé máa ń na ọwọ́ sí pé kó fún wa ní èékánná funfun, wà lára àwọn tó ń gbé ọmọ eégbọn yìí láti erékùṣù kan dé òmíràn níbẹ̀. Mo ti rí àwòrán èyí tí wọ́n mú ní Guadeloupe. Àwọ̀ ọsàn náà nìyẹn, òrùka funfun lẹ́sẹ̀. Mo wò ó títí.

Nígbà tí mo lọ kí bàbá mi kẹ́yìn, mo mú awò ọwọ́ lọ. Wọn kì í lọ ìgbẹ́ mọ́, àbúrò mi ló ń mú ajá lọ. Ajá mìíràn ni, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Mo já eégbọn méjì létí rẹ̀, mo tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Méjèèjì pẹlẹbẹ, méjèèjì kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ tó. Mo fi awò wo wọn. Ọ̀kan ní ojú wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ apata rẹ̀: *linnaei* nìyẹn, èyí tó máa ń gbé inú pálapàla ògiri. Èkejì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀, kò ní ojú rárá, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì yọ ṣonṣo síta bí ìwo. *Haemaphysalis leachi*, eégbọn tó máa ń bá ajá tó ń lọ ìgbẹ́.

Mo na ọwọ́ sí bàbá mi, mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó."

Wọn kò gba awò náà. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Wọ́n na ọwọ́ wọn sí orí ajá, wọ́n bi àbúrò mi pé, "Ìgbà wo lẹ dé láti oko?"

Ó ní, "Àná ni, Bàbá."

"Ọ̀kan ti ilé, ọ̀kan ti oko ni, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mú ìgò méjì jáde, mo mú bébà pélébé, mo sì fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ìlú wa àti ọjọ́ sí wọn. Lẹ́yìn náà mo kọ *ilé* sí ọ̀kan, mo kọ *oko* sí èkejì.